Ẹdan Òṣùgbó: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Orúkọ Tí A Sọ Ọ́



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ lórí àmì. Kò sí orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní àmì tí ó kà sí mímọ́, ìbáà ṣe èyí tí a gbẹ́ sára igi, tàbí èyí tí a fi idẹ rọ, tàbí èyí tí a fi ẹfun kọ sára ògiri. Àwọn tí ó ni àmì náà kì í sábà bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé inú ọmú ìyá wọn ni wọ́n ti mu ún. Ṣùgbọ́n àmì dà bí ènìyàn tí ó rin ìrìn àjò: nígbà tí ó bá dé ìlú tí a kò ti mọ baba rẹ̀, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ bá sọ ọ́ ni yóò máa jẹ́. Bí orúkọ náà bá sì burú, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí sá fún un.

Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹdan, èyí tí í ṣe àmì Òṣùgbó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ sí ẹdan Ògbóni. A kò wá láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí ìsìn àtijọ́. A kò sì wá láti bú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a wá ṣe ni láti wádìí ohun tí àmì náà jẹ́ ní tòótọ́, bí ó ti ṣe di ohun ẹ̀rù, àti ohun tí àṣìmọ̀ náà ń gbà lọ́wọ́ wa.

I. Àmì àwọn ará Íńdíà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè, nítorí pé ojú tí ń rí ọ̀nà jíjìn kì í rí ara rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní swastika. Ó rí bí àgbélébùú tí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, tí a sì tẹ orí apá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí ẹni pé ó ń yí. Nínú èdè Sanskrit, tí í ṣe èdè àwọn ìwé mímọ́ wọn, “su” túmọ̀ sí rere, “asti” sì túmọ̀ sí wíwà; nítorí náà àlàáfíà àti oríire ni orúkọ rẹ̀ ń kéde. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí i lára àwọn òǹtẹ̀ tí àwọn ará àfonífojì odò Indus ṣe ní ohun tí ó ju 4,000 ọdún lọ sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń lò ó pẹ̀lú. Wọn a máa kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé, wọn a máa kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Àwọn oníṣòwò a sì máa kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé ìṣirò owó wọn, kí ọjà lè tà, kí ìṣirò sì lè tọ́. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, àwọn Akan ilẹ̀ Gánà rọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sára àwọn ìwọ̀n idẹ kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́.

Ní 1920, ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi ní ilẹ̀ Jámánì mú àmì yìí, wọ́n fi àwọ̀ dúdú kọ ọ́ sínú òbìrí funfun lórí aṣọ pupa, wọ́n sì sọ ọ́ di àsíá ẹgbẹ́ wọn. Ní 1935, lábẹ́ ìjọba Adolf Hitler, ó di àsíá kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn ará Jámánì kò tilẹ̀ fi orúkọ Íńdíà pè é. Hakenkreuz ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí àgbélébùú tí ó ní ìwọ̀. Lábẹ́ àsíá yìí ni wọ́n ti pa àwọn Júù tí iye wọn tó 6,000,000, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn mìíràn pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà náà wá, bí ará Yúróòpù bá rí àmì náà, kò rí àlàáfíà mọ́. Ikú ni ó ń rí. Nígbà tí àwọn ìdílé Híńdù sì ṣí lọ gbé láàárín àwọn òyìnbó, ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà fún ayọ̀ di ohun tí ó ń dẹ́rù ba aládùúgbò. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria ní ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe òfin ní 2022 láti fi dá fífi àmì Nazi hàn ní gbangba dúró, wọ́n ní láti kọ ọ́ sínú òfin náà pé kò bá àwọn Híńdù, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti àwọn ẹlẹ́sìn Jain wí nínú ìsìn wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ìwà àwọn tí ó gbé àmì kan dání lè bo ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Èkejì ni pé ẹni tí ó ń bẹ̀rù àmì náà kì í ṣe aṣiwèrè. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ẹ̀kọ́ méjèèjì mú bí a ti ń bọ̀ wá sílé, nítorí pé ẹni tí ó bá di ọ̀kan mú tí ó sì ju èkejì nù, kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

II. Ejìnrìn àti ohun tí ọjà fi dúró

Bóyá ẹnìkan yóò bèèrè pé, kí ni ó kan Ejìnrìn nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn án púpọ̀, nítorí pé ìlú ọjà ni Ejìnrìn. Kí ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé, etí ọ̀sà yìí, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òwò Èkó àti òwò ilẹ̀ òkè ti ń pàdé. Ọkọ̀ ojú omi a máa gbé iyọ̀, aṣọ, tábà àti ọtí láti Èkó wá. Àwọn ará òkè a sì máa gbé epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àwọn oníṣòwò Èkó gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá lọ sókè. Nítorí náà ní irú ọjà ẹ̀bá ọ̀sà báyìí ni olùtà àti olùrà ti ń rí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí gan-an ni ó di ogun ní oṣù karùn-ún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n jà ní Ìmàgbọn, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, púpọ̀ nínú òwò náà gba ibòmíràn lọ.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Àwọn tí ó ń pàdé ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀tọ̀ ni ìlú wọn, ọ̀tọ̀ ni ọba wọn. Kò sí báńkì, kò sí ọlọ́pàá, kò sí adájọ́ tí ó jókòó pẹ̀lú ìwé òfin. Síbẹ̀, ènìyàn a máa kó ọjà fún ẹni tí kò bá a tan, yóò sì dúró de owó rẹ̀ di ọjọ́ ọjà mìíràn. Àwìn kò lè dúró bí òtítọ́ kò bá sí. Òtítọ́ pàápàá kò sì lè pẹ́ láàárín àlejò àti àlejò, bí kò bá sí ẹni kẹta tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù.

Ta ni ẹni kẹta náà? Àwọn baba wa dáhùn pé, Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ni ó gbé olùtà àti olùrà dúró. Òun ni ó ń bọ́ wọn. Òun ni yóò sì gba òkú àwọn méjèèjì. Kò sí ibi tí a lè dúró sí hùwà àrékérekè tí kì í ṣe orí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tí Awùjalẹ̀ jẹ́ orí, tí àwọn Ìlámùrẹ́n jẹ́ ìjòyè, tí Pàmpá sì ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà, àwọn Òṣùgbó ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ẹ̀tọ́ Ilẹ̀ àti ilé ẹjọ́ ńlá. Ẹdan sì ni àmì ọlá àṣẹ wọn.

III. Ohun tí ẹdan jẹ́

Ẹdan jẹ́ ère méjì tí a fi idẹ rọ, ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, èkejì jẹ́ obìnrin. Ìrin ni a fi ṣe ìdí wọn, kí a lè gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n so orí àwọn méjèèjì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan ti gbé èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, a sì lè fi wọ́n kọ́ ọrùn. Bí a bá wo ère náà dáadáa, a óò rí ojú ńlá tí ó ń wo ni tààrà. A sì sábà máa ń rí i tí ó di ìkúùkù méjèèjì, tí ó gbé ti òsì lé ti ọ̀tún lórí, tí ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ pamọ́ sínú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọmọ awo ti ń kí ara wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà rọ ọ́ kò rọrùn. Asúdẹ yóò fi ìda mọ ère náà, yóò fi amọ̀ bò ó, yóò sì gbé e sínú iná. Ìda yóò yọ́ jáde, yóò sì fi ààyè sílẹ̀ nínú amọ̀. Inú ààyè náà ni a óò da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tí ó bá tutù, a óò fọ́ amọ̀ náà, a kò sì lè lò ó mọ́. Nítorí náà kò sí ẹdan méjì tí ó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Idẹ ni wọ́n yàn, nítorí pé idẹ kì í dípẹtà bí irin, bẹ́ẹ̀ ni ikán kì í jẹ ẹ́ bí igi. Ohun tí kì í bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe àmì ìdájọ́ tí wọn kò fẹ́ kí ó bàjẹ́.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin? Òṣùgbó kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkùnrin nìkan. Bí Olúwo ti wà, tí Apènà tí í ṣe olùpe ìpàdé sì wà, bẹ́ẹ̀ ni Erelú wà, tí ó jókòó fún àwọn obìnrin. Ìlú tí ó bá fi ẹ̀yà kan ṣe ìdájọ́ fún ẹ̀yà méjì ti ṣi òṣùwọ̀n lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí ó wà láàárín wọn ni ó sọ bẹ́ẹ̀ láìlo ẹnu.

Òwe wọn tún wà tí ó sọ pé Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ère méjì ni ojú rí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Peter Morton-Williams, tí ó kọ̀wé lórí Ògbóni Ọ̀yọ́ ní 1960, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, tí ó kọ̀wé lórí ẹdan ní 1995, kò fi ẹnu kò lórí gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ Yorùbá lè rí fúnra rẹ̀ ni pé ẹni kẹta yìí ni ẹlẹ́rìí tí kì í sọ̀rọ̀, tí àwọn méjèèjì dúró lé lórí. Ère idẹ ńlá mìíràn tún wà tí a máa ń tọ́jú sí ìlédì. Àwọn kan ń pè é ní Onílé, àwọn kan sì ń pè é ní Onílẹ̀. Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ ohùn náà: ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ó ni ilé ìpàdé, èkejì jẹ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀. Àmì kékeré kan tí òǹkọ̀wé òyìnbó gbàgbé láti fi sórí ọ̀rọ̀ tó láti sọ ìtumọ̀ di méjì. Bí ohùn kan ṣoṣo bá lè ṣe èyí, kí ni a óò retí nígbà tí a bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ sínú èdè mìíràn?

IV. Iṣẹ́ tí ẹdan ń ṣe

Àwọn tí kò mọ ẹdan rò pé òrìṣà tí a ń forí balẹ̀ fún nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, a óò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ ń ṣe.

Èkíní, ìwé ìpè ni. Nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ kí ẹnìkan wá dáhùn ẹ̀sùn, wọn a rán ìránṣẹ́ pẹ̀lú ẹdan, ẹni tí a pè kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Èkejì, òǹtẹ̀ ni. Bí a bá gbé ẹdan sí ibi tí a ń jà sí, tàbí sórí ohun ìní tí a ń du, ohun gbogbo gbọdọ̀ dúró títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀kẹta, ààlà láàárín ìjà àti ikú ni. Èèwọ̀ ńlá ni kí ènìyàn ta ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àwọn méjì tí ó jà. Ó ti di ti Ilẹ̀ tí a ba ojú rẹ̀ jẹ́, àwọn Òṣùgbó yóò sì gbé ẹdan wá, àwọn tí ó jà yóò sì ṣe ètùtù kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀kẹrin, ìbúra ni. Ẹni tí ó bá bá ènìyàn mulẹ̀ ti fi Ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé òun kò ní yẹ̀.

Ẹ wo bí gbogbo wa, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ti ń fi ẹnu wa sọ ẹ̀kọ́ yìí lójoojúmọ́ láìfura. Kí ni a ń pe ẹni tí ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ọ̀dàlẹ̀ ni a ń pè é. A kò pè é ní ẹni tí ó da ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó da ilẹ̀ ni a pè é. Kí ni májẹ̀mú láàárín ọ̀rẹ́ méjì? Ìmùlẹ̀ ni. Nígbà tí a bá sì kìlọ̀ fún ọmọ pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ, ìdájọ́ ìlédì ni a ń kà sí i létí. A ti lé àmì náà jáde nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì jókòó ní ìdí ààrò.

V. Bí àṣìmọ̀ ti wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè tọ́ka sí.

Ọ̀nà kìíní ni ìtumọ̀ èdè. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá tí a kò lè san fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń túmọ̀ ní láti yan ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì yàn yóò máa rìn lọ láìsí òun. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Èṣù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí a tẹ̀ lódindi ní 1884, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Lónìí, bí ọmọdé bá gbọ́ Èṣù, kò mọ̀ pé olùgbé-ẹbọ àti oníṣẹ́ òrìṣà ni àwọn baba rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Òṣùgbó kò bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Àwọn òyìnbó kò rí orúkọ fún ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ìsìn, ìjọba àti ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sì pè é ní ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àwa náà tún tú u padà sí Yorùbá, a sọ ọ́ di ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ṣùgbọ́n awo ni àwọn baba wa ń pè é, kì í ṣe òkùnkùn. Awo ni ohun tí a kò gbọdọ̀ tú fún ẹni tí kò tíì yẹ. Òkùnkùn ni ibi tí olè ń sá pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ nínú yàrá wọn jẹ́ awo, síbẹ̀ a kò pè wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn.

Ọ̀nà kejì ni pé a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Òṣùgbó, a sì fi ìrúbọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn 1892 ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti pàápàá lẹ́yìn òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti 1914, ẹjọ́ kúrò ní ìlédì lọ sí kóòtù. Ìgbà tí a gba ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ adájọ́, ohun tí ojú ń rí kò ju orò àti àdììtú lọ. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn èyí kò rí ẹdan gẹ́gẹ́ bí ìwé ìpè. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí ère idẹ nínú àpótí bàbá àgbà.

Ọ̀nà kẹta ni orúkọ tí ó pọ̀ ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Ní 1914, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní Èkó, T. A. J. Ògúnbíyì, dá ẹgbẹ́ Ògbóni Kristẹni sílẹ̀. Ní 1934 a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Reformed Ogboni Fraternity, a sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Kristẹni. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe Òṣùgbó tí ó ń ṣe ìdájọ́ ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìlédì Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ará ìta kò mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn àti àdá pa ara wọn nínú ẹgbẹ́ tiwọn, láti àwọn ọdún 1980 síwájú, orúkọ kan náà, ẹgbẹ́ òkùnkùn, ni a fi bò gbogbo wọn.

Ọ̀nà kẹrin ni eré tí a ń wò. Láti ìgbà tí fíìmù àgbéléwò ti gbilẹ̀, nígbàkígbà tí olóòtú bá fẹ́ fi ẹni burúkú hàn wá, yóò wọ̀ ọ́ ní ṣàkì lé èjìká, yóò fi ẹdan lé e lọ́wọ́, yóò sì jẹ́ kí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe oògùn owó. Ènìyàn tí kò tíì wọ ìlédì rí yóò sì máa jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

VI. Òtítọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rù

Níhìn-ín ni a ní láti rántí ẹ̀kọ́ kejì tí a rí kọ́ lára àmì Íńdíà. Kò tó kí a sọ fún ẹni tí ń bẹ̀rù pé kò mọ ìtumọ̀. Òṣùgbó kò rọ̀ bí òwú láyé àtijọ́. Ó ní agbára láti dá ẹjọ́ ikú, ó sì ń dá a. Ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tí kò sí nínú awo kò lè mọ ohun tí a sọ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kóòtù mìíràn tí ó lè pe ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn sí. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, fi hàn bí agbára Ògbóni ti pọ̀ tó láàárín àwọn Ẹ̀gbá, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ìjọba wà. Níbi tí agbára bá ti pọ̀ tó báyìí, tí a sì fi aṣọ bò ó, aláìlágbára yóò bẹ̀rù, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ṣẹ̀yìn ọgbọ́n.

Lẹ́yìn èyí, àwọn kan wà tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, kí ọwọ́ òfin má ba à tó wọn, kí adájọ́ tí ó jẹ́ arákùnrin nínú awo lè ṣàánú wọn. Nítorí irú èyí ni Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní orí 38, fi sọ pé ẹ̀tọ́ ìsìn tí ó fún olúkúlùkù kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti dá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹdan bo ojúsàájú mọ́lẹ̀ ti ṣe sí ẹdan gẹ́gẹ́ bí àwọn Nazi ti ṣe sí àmì àlàáfíà àwọn Híńdù: ó mú ohun tí a dá láti so òtítọ́ ró, ó sì fi ṣe ìwọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ráhùn pé ayé ṣì òun mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ. Àwọn Nazi kò fi ìgbà kan gba ohun tí swastika ń sọ gbọ́. Àwọn Òṣùgbó, ní ti wọn, gba ohun tí ẹdan ń sọ gbọ́, nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ṣi agbára lò. Òfin kan wà lórí àwọn tí ń dá ẹjọ́ pàápàá, èyí tí í ṣe Ilẹ̀. Adájọ́ tí ó bá dalẹ̀ náà yóò bá ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí a lè fi bá wọn wí wà nínú àmì tiwọn fúnra rẹ̀.

VII. Ohun tí a ń pàdánù, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Bóyá ẹ ó sọ pé, ohun àtijọ́ ni gbogbo èyí. Kóòtù wà, ọlọ́pàá wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí a dúró lé lórí. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi dáko ti di ohun tí gbogbo Èkó ń wá rà. A ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì. Ẹ̀gbọ́n tà á, àbúrò tún un tà. Àwọn jàgídíjàgan gbé ohun ìjà wá lé ẹni tí ó ti fi ilé rẹ̀ dé òrùlé jáde. Orúkọ tí a fún àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀. Ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ti dún! Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ ní ìlédì ti di èébú ní ẹnu ọ̀nà ilé tí a kò tíì kọ́ tán. Ó di dandan kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2016 láti dáàbò bo ohun ìní lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹdan ń sọ máa ń dé ṣáájú: pé nígbà tí ẹni méjì bá ń ṣe àdéhùn, wọ́n di ẹ̀ta, pé ẹlẹ́rìí kan wà tí a kò lè fún ní rìbá. Àwa onígbàgbọ́ mọ orúkọ ẹlẹ́rìí náà ní ọ̀nà tiwa, àwọn mùsùlùmí sì mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Kí ni ìdí tí ó fi wá jẹ́ pé ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò jẹ́ parọ́ lórí ilẹ̀ nítorí ẹdan, òun ń fi ọwọ́ lé ìwé mímọ́, ó sì ń parọ́ lórí ilẹ̀ kan náà? Bí a bá ti fi ẹ̀rù àtijọ́ sílẹ̀, tí a kò sì fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe pé a lajú. A kàn pàdánù ẹlẹ́rìí ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi bẹ̀ yín.

Èkíní, ẹ má ṣe fi ìmọ̀ pe ìsìn. Mímọ̀ kì í ṣe sísìn. Ẹni tí ó mọ ohun tí swastika jẹ́ kò di Híńdù, ẹni tí ó sì mọ ohun tí ẹdan jẹ́ kò di ọmọ awo. Àìmọ̀ ni ó ń jẹ́ kí a nàka sí arúgbó aládùúgbò wa pé apànìyàn ni, nítorí ohun tí a rí lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn, kí ó gbé e lọ sí kóòtù. Ẹni tí kò ní, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Èkejì, bí ẹ bá bá ẹdan nínú ẹrù baba yín, ẹ má ṣe jù ú sínú ọ̀sà, ẹ má sì ṣe tà á fún oníṣòwò ohun àtijọ́ tí ń lọ láti ilé dé ilé. Láti 1943 ni ìjọba ti yan Kenneth Murray láti máa bójú tó ohun àtijọ́ ilẹ̀ wa. Láti 1953 ni òfin ti wà tí ó ń ṣọ́ ọ. A sì ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, Èkó, ní 1957. Bí ọkàn yín kò bá gbà á láti fi í sílé, ẹ gbé e lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ ìlú àti ìdílé tí ó ti wá. Ẹdan tí kò ní orúkọ ìlú dà bí ẹlẹ́rìí tí a gé ahọ́n rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú Òṣùgbó, àlàyé ẹnu kò ní tó láti wẹ orúkọ yín mọ́. Àwọn Híńdù lè ṣàlàyé fún aládùúgbò wọn, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ba àmì wọn jẹ́. Bí ọwọ́ ọmọ ilé bá wà nínú ìbàjẹ́ tiyín, ọmọ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Nígbà tí a bá rí ìdílé Òṣùgbó tí kò ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, tí kò dáàbò bo ọ̀daràn nítorí pé ó jẹ́ arákùnrin, tí ó sì jẹ́ kí Erelú sọ̀rọ̀ kí a sì gbọ́, a kò ní bèèrè ìtumọ̀ ẹdan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. A ó ti rí i.

Ọjà Ejìnrìn àtijọ́ dúró lórí pé ènìyàn lè gba ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́. Ilẹ̀ tí ó gbé ọjà náà ró ṣì wà níbi tí ó wà. Àwa tí a ń tẹ̀ ẹ́ lónìí ni a ó dáhùn bóyá ẹlẹ́rìí ṣì wà lórí rẹ̀.